Bí a ṣe ń kọ ìwé tó kẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ ìtàn àràmàǹdà fún àwọn ọ̀dọ́langba

Ẹni tó bá kọ ìwé kìíní nínú ọ̀wọ́ ìtàn àràmàǹdà, ìlérí ló ń ṣe fún òǹkàwé. Ìwé kejì á tún gbé ìlérí gun orí ìlérí. Nígbà tó bá di ìwé tó kẹ́yìn, gbogbo wọn á wá ká a mọ́lé lẹ́ẹ̀kan náà, bí olówó ṣe ń ká ajigbèsè mọ́. Iṣẹ́ ìwé náà ò ju kó san gbèsè lọ. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ìwé ìkẹyìn tó ń já òǹkàwé kulẹ̀, òǹkọ̀wé ò jáwọ́ nínú gbèsè jíjẹ ni: ó mú ọ̀tá tuntun wọlé, ó dá agbára tuntun sílẹ̀, ó kó àwọn ọmọ lọ sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kó tó rántí àwọn ti àtijọ́, ojú ewé ti tán.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ti ní ìwé méjì lórí igbá, tó fẹ́ fi ẹ̀kẹta parí ọ̀wọ́ náà ní èdè Yorùbá. Ẹ fi oṣù kan sílẹ̀ fún ìmúrasílẹ̀, oṣù mẹ́rin fún kíkọ, oṣù mẹ́ta fún àtúnṣe. Ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, á fún yín ní ọ̀rọ̀ 80,000 ní ọ̀sẹ̀ 16, ìwọ̀n yẹn sì dára fún òǹkàwé ọdún 12 sí 18. Ìwé ìkẹyìn lè gùn ju àwọn ti ìṣáájú díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ń sún mọ́ 120,000, ẹ yẹ ìwé gbèsè yín wò (ìgbésẹ̀ kejì). Ẹni tó bá ní òun á parí gbogbo rẹ̀ lóṣù méjì, àtúnṣe ló fẹ́ fò.

1. Ẹ ka ìwé tí wọ́n tẹ̀, ẹ má ka èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà

Ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ló wà lọ́wọ́ òǹkàwé. Nínú fáìlì yín, àwọn orí tí olóòtú gé kúrò ṣì wà níbẹ̀, ọpọlọ yín ò sì mọ ìyàtọ̀. Ẹ lè máa san gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ẹ jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ kà á láìdúró, bí ẹni tó rà á lọ́jà. Nígbà kejì, ẹ mú bírò mẹ́ta dání. Pupa fún ìbéèrè tí ìwé dá sílẹ̀ tí kò dáhùn: ta ló bí ọmọ yìí, kí ló wà lẹ́yìn odi ìlú. Búlúù fún ìbúra, ẹ̀jẹ́, àsọtẹ́lẹ̀ àti èpè. Àwọ̀ ewé fún ohun tí a ti fi han òǹkàwé tí a ò tíì lò, ìbáà ṣe àdá, ọ̀nà àbùjá, tàbí ọmọ kékeré tó gbọ́ èdè ẹyẹ.

Èpè làwọn òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé jù. Ìyá àgbà kan bínú ní orí kẹrin ìwé kìíní, ó ní, "O ò ní fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ilé baba rẹ mọ́." Òǹkọ̀wé rò pé ìbínú lásán ni, ó kọjá lọ. Òǹkàwé Yorùbá ò ní kọjá lọ. Láti ojú ewé yẹn ló ti ń wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, bí ọmọ náà bá sì padà wọ ilé baba rẹ̀ nínú ìwé ìkẹyìn láìsí pé ẹnikẹ́ni tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àgbà, á ní ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

2. Ẹ ṣí ìwé gbèsè

Ìwé àjákọ ńlá kan tó, ẹni tó bá fẹ́ràn kọ̀ǹpútà lè lo Excel tàbí Google Sheets. Òpó mẹ́rin ni kí ẹ là: ohun tí a ṣèlérí, ìwé wo àti ojú ewé wo, àwọn wo ló mọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìtàn, orí tí a ó ti san án. Òpó kẹta ló ń gba òǹkọ̀wé lọ́wọ́ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìwé ìkẹyìn, ìyẹn kí ẹ̀dá ìtàn máa lo àṣírí tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú u.

Bí ìlà tó wà nínú ìwé gbèsè ìwé méjì bá dín ní 20, ẹ ò kà á dáadáa, ẹ padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi lẹ́tà síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. A ni èyí tó gba odidi orí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. B ni èyí tí ìran kúkúrú tàbí gbólóhùn kan tó fún. D ni èyí tí a lè fi sílẹ̀. Kí A má ṣe ju mẹ́jọ lọ. Bó bá di mẹ́tàlá, ìwé méjì lẹ fẹ́ rọ́ sínú ẹyọ kan, gbogbo ìparí á sì di eré sísá. Ẹ dá márùn-ún padà sí B, ó kéré tán. Fún D, ẹ bi ara yín bóyá ọmọ ọdún 14 tó fẹ́ràn ìwé yìí á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín bó bá pàdé yín lọ́nà. Bó bá máa béèrè, B ni.

Fágúnwà ò kó sínú irú wàhálà yìí. Igbó Olódùmarè tó jáde ní 1949 kò tẹ̀ síwájú láti ibi tí Ògbójú Ọdẹ ti 1938 parí sí. Ẹ̀yìn ló padà sí, sí ìtàn Olówó-ayé tó bí Àkàrà-ògùn, ìwé kọ̀ọ̀kan sì dá dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ìwé kejì parí síbi tí ọmọ ń já bọ́ látorí afárá kò lè gba ọ̀nà yẹn mọ́. Kó lọ gbé ọmọ náà.

3. Ẹ to òfin agbára sílẹ̀

Tábìlì kejì nìyí: agbára, ẹni tó ní in, ohun tó lè ṣe, ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni, èèwọ̀ rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ máa wá orúkọ tuntun fún ohun tí Yorùbá ti ní orúkọ fún. Àféèrí ni kì í jẹ́ kí ojú rí ni. Egbé ló ń gbé ni kúrò nínú ewu. Kánàkò ló ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú. Gbètugbètu ló ń mú ọ̀tá ṣe ohun tí a bá pa láṣẹ. Ohun tí wọ́n lè ṣe ò tó nǹkan fún ìwé ìkẹyìn. Èèwọ̀ wọn àti ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká tú u wò. Ọmọbìnrin ọdún 15 kan, Àjọkẹ́, ní òrùka kánàkò láti ìwé kìíní. Bó bá ti fi gé ọ̀nà kúrú, ohùn rẹ̀ á lọ, kò ní padà títí oòrùn á fi wọ̀. Nínú ìwé kejì, àbúrò rẹ̀ Àlàdé máa ń sín in jẹ bó bá ń pọfọ̀, gbogbo ará ilé á sì máa rẹ́rìn-ín. Nínú ìwé ìkẹyìn, ọfọ̀ yẹn nìkan ló lè ṣí ẹnubodè ààfin, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín Àjọkẹ́ àti ẹnubodè náà. Bó bá lo òrùka, á débẹ̀, kò ní lè sọ̀rọ̀. Bí kò bá lò ó, ohùn á wà, kò ní débẹ̀. Òǹkàwé tó ti ka ìwé méjì àkọ́kọ́ á mọ ìṣòro náà kí ẹnikẹ́ni tó là á yé e, á sì rántí Àlàdé ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú Àjọkẹ́ fúnra rẹ̀. Nítorí ìṣẹ́jú kan yẹn ni òǹkàwé ṣe ra ìwé kẹta.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ní orí 30, bàbá arúgbó kan yọ láti inú igbó, ó fún Àjọkẹ́ ní ewé, ó jẹ ẹ́, ohùn padà, ẹnubodè ṣí. Ìlú gbà, ọ̀tá ṣubú, ohun gbogbo rí bákan náà, síbẹ̀ inú òǹkàwé ò ní dùn. Ìdí ni pé odidi ìwé méjì ni ẹ fi ń gba owó ohùn lọ́wọ́ ọmọ yìí, ọjọ́ tó yẹ kó dùn ún jù lẹ wá dárí rẹ̀ jì í.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí agbára tuntun wọlé lẹ́yìn ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ ìwé, ìyẹn lẹ́yìn orí 9 nínú ìwé tó ní orí 36. Èyí tó bá wọlé ṣáájú ìgbà náà, kó kọ́kọ́ kùnà lẹ́ẹ̀kan lójú òǹkàwé kó tó ṣiṣẹ́. Àgbàlagbà kankan, ì báà jẹ́ babaláwo, ọba tàbí òrìṣà, kò sì gbọdọ̀ bá àwọn ọmọ yanjú ìṣòro tó kẹ́yìn. Wọ́n lè kọ́ wọn, wọ́n lè ṣàdúrà fún wọn, wọ́n lè dí wọn lọ́wọ́. Ìtàn àwọn ọ̀dọ́langba nìyí, ọwọ́ àwọn ọmọ ni kó ti parí.

4. Àsọtẹ́lẹ̀ àti ẹbọ

Bí àsọtẹ́lẹ̀ inú ìwé kìíní bá ti ẹnu babaláwo wá, ẹ rántí bí ẹsẹ Ifá ṣe ń rìn. Wọ́n á dífá fún ẹnì kan, wọ́n á ní kó rúbọ, á rú u tàbí kó má rú u, ohun tó tẹ̀lé e á sì wá látibẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ìdájọ́ tó ti parí. Nítorí náà, ẹbọ gan-an ni kí ẹ kọ sínú ìwé gbèsè: kí ni wọ́n ní kó fi rúbọ, ta ni wọ́n sọ fún, ṣé ó rú u, kí ló yọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó yọ sílẹ̀ yẹn lè gbé odidi ìdajì ìwé ìkẹyìn ró. Ẹni tó gbé ewúrẹ́ tó fi àádọ́ta ọ̀kẹ́ sílẹ̀ nítorí ahun ti fún yín ní iṣẹ́.

Ẹ da ọ̀rọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ náà kọ láti inú ìwé kìíní gẹ́lẹ́, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn orí rẹ̀. Ẹ má fi orí rántí rẹ̀. Odù Ifá jẹ́ 256, orúkọ wọn sì wà lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá hun ẹsẹ fúnra yín, ẹ má ṣe fi orúkọ Odù gidi lé e lórí. Babaláwo tí ọmọ rẹ̀ bá gbé ìwé yín wálé á fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ lè dá irú àyẹ̀wò mìíràn sílẹ̀ fún ayé inú ìwé yín, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

5. Ẹ kọ ìparí kí ẹ tó kọ ìbẹ̀rẹ̀

Ìdajì ojú ewé tó. Kó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ni akọni pàdánù tí kò ní padà, kí ni ìlú jèrè, ta ni inú rẹ̀ ò dùn sí ìṣẹ́gun náà. Ìbéèrè kẹta làwọn ènìyàn máa ń fò. Bí gbogbo ayé bá ń jó nígbà tí ogun parí, ogun kékeré ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó jìyà ìṣẹ́gun náà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tọ̀nà.

Ẹ lẹ ojú ewé yìí mọ́ ògiri. Orí èyíkéyìí tí kò bá gbé wa sún mọ́ ọn, tí kò sì san ìlà kan nínú ìwé gbèsè, kò níṣẹ́ níbẹ̀.

6. Ẹ pín orí

Orí 36, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bí ọ̀rọ̀ 2,200, á fún yín ní 79,200. Orí 1 sí 4 ni kí gbogbo àwọn tó ń sọ ìtàn ti yọjú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ ní orí 12, àlejò ni lójú òǹkàwé. Láti 5 sí 9, ẹ fi ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù hàn wá. Láti 10 sí 18, ẹ san B tó pọ̀, kí ọwọ́ yín lè fúyẹ́. Láàárín 19 àti 27, ète àwọn ọmọ náà dàrú pátápátá, nítorí ìwà ara wọn, kì í ṣe nítorí òjò tó ṣàdédé rọ̀. 28 sí 33 ni ìjà tó kẹ́yìn. 34 sí 36 ni ilé.

Orí mẹ́ta yẹn lẹ́yìn ogun kì í ṣe àṣejù. Ẹni tó bá parí ìwé lọ́jọ́ tí ọ̀tá ṣubú, ó ti lé àlejò jáde kí oúnjẹ tó délẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kọ àfikún tó fò sí ọ̀pọ̀ ọdún iwájú, kó má ju ọ̀rọ̀ 1,500 lọ, kó má sì di ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tó fẹ́ ẹnì kan àti iye ọmọ tí wọ́n bí.

Orí ogun kò gbọdọ̀ tẹ̀ léra ju méjì lọ. Ní ẹ̀kẹta, òǹkàwé ti ń fo ìlà láti mọ ẹni tó kú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìdáná, sí ẹ̀yìn odi, sí ọ̀dọ̀ ọmọ tí wọ́n ní kó má jáde.

7. Ẹ rán òǹkàwé létí láì dá ìtàn dúró

Kò sí bí ìwé méjì àkọ́kọ́ ṣe dùn tó, òǹkàwé ti gbàgbé. Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó gbé ọ̀wọ́ ìtàn àràmàǹdà rẹ̀ ka àwọn òrìṣà Yorùbá, tẹ ìwé kìíní jáde ní 2018, ìkejì ní Oṣù Kejìlá 2019, ìkẹta tó parí rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2024. Ọmọ tó jẹ́ ọdún 14 nígbà tó ra ìkejì ti tó ọdún 18 kí ìkẹta tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé yín lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè má yára.

Ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ níwájú fún orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn, kí ẹ tò ó ní ìdílé ìdílé, ìlà kan fún ẹnì kan. Ẹ lè fi "Ohun tó ti ṣẹlẹ̀" tí kò ju ọ̀rọ̀ 500 lọ sí i. Lẹ́yìn èyí, inú ìtàn ni kí ìránnilétí ti máa jáde, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, lásìkò tí ẹ̀dá ìtàn ń ṣe nǹkan. "Àjọkẹ́ tó ní òrùka kánàkò tí baba rẹ̀ àgbà fún un kó tó kú, èyí tó máa ń gba ohùn rẹ̀, jókòó" kò dára. Ẹni tó jókòó ò nílò ìtàn ìgbésí ayé. "Àjọkẹ́ yí òrùka náà lọ yí i bọ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ó nawọ́ sí omi, kò sọ̀rọ̀." Ìyẹn ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun èlò tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ti wà nílé wa, oríkì ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kí ẹ̀dá ìtàn bó ṣe ń wọlé:

Àlàdé, a-sín-ni-jẹ-bí-odídẹrẹ́,
ọmọ tó rẹ́rìn-ín nílé òkú, tí òkú dá a lóhùn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì láti inú ìwé kejì ló wà nínú ìlà méjì yẹn. Ẹni tó ti kà á á rántí, ẹni tí kò kà á á fẹ́ mọ̀. Ẹ má lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ nínú ìwé kan, kó má baà dà bíi pé onílù ń tọrọ owó.

8. Ìwọ àti ẹ̀yin

Olóòtú tí kì í gbọ́ Yorùbá ò lè bá yín wo èyí, ẹ̀yin lẹ máa wò ó fúnra yín. Nínú ìtàn tí ọmọ kan ti máa di ọba tàbí olórí awo níkẹyìn, gbogbo ẹni tó ń pè é ní "ìwọ" láti ìwé kìíní gbọ́dọ̀ yí ohùn padà. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orí àti ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yí i síwájú orúkọ rẹ̀. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ kan náà á ní "ẹ jókòó" ní ojú ewé 270, á ní "dìde" ní 274.

Àyípadà yẹn lágbára ju àpèjúwe adé àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Ẹ má fi sínú ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ fi sínú ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n ti máa ń bá ara wọn sọ tẹ́lẹ̀. Ní orí 5, ọ̀rẹ́ akọni yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ní orí 35, ó dé ẹnu ọ̀nà mìíràn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ṣé ẹ ti jẹun?" Kí akọni má dáhùn kíákíá. Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan lè wà tó kọ̀ láti yí i, àbúrò kékeré tàbí ẹni tí inú ń bí. Ẹ pinnu ẹni náà ṣáájú, kí kíkọ̀ rẹ̀ má baà dà bí àṣìṣe ìtẹ̀wé.

Bí ọmọ bá sì fẹ́ ta ko ìgbìmọ̀ àgbà, kó fi "ẹ" ta kò wọ́n. Ọmọ tó pòwe lójú àwọn àgbà á ní "Tótó, ó ṣe bí òwe", àwọn àgbà á dá a lóhùn pé á rí òmíràn pa. Ọjọ́ tí àwọn àgbà ò bá dá a lóhùn, òǹkàwé ti mọ̀ pé ìjà dé.

9. Ikú

Ẹ má pa ju ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú àwọn tí òǹkàwé fẹ́ràn, ẹ má sì pa wọ́n ní orí kan náà. Ikú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí ìpinnu ẹnì kan padà. Ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ọ̀fọ̀, ó kéré tán: ẹni tó wẹ òkú, ẹni tó kọ̀ láti jẹun. Ìwé tí àwọn ọmọ ti ń kú tí wọn ò sì sin wọ́n kò ní wọ òǹkàwé Yorùbá lára. Ẹni tó bá kú, ẹ má jí i padà, àfi bí òfin agbára yín ti sọ láti ìwé kìíní pé ó ṣeé ṣe, tí ẹnì kan sì san owó rẹ̀.

10. Ẹ ka ọjọ́

Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ fi ṣe é. Láti ìgbà tí oṣù bá lé sí ìgbà tó máa rán, ó tó bí ọjọ́ 15. Ọjà ọrún ń padà bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, torí Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ìtàdógún jẹ́ ọjọ́ 16 lọ́nà kan náà. Bí ìwé kejì bá parí ní ọjọ́ ọjà tí oṣù lé, tí ìjà sì gbọ́dọ̀ wáyé lábẹ́ òṣùpá tó rán, ọjà mẹ́ta péré ló kù láàárín wọn, ní ọjọ́ kẹrin, ìkẹjọ àti ìkejìlá. Ẹ ò lè kó àwọn ọmọ lọ sí ọjà mẹ́fà. Ẹlẹ́sẹ̀ tí kò rẹrù lè rin bíi kìlómítà 30 lójúmọ́, ẹgbẹ́ ogun tó rẹrù ò lè ju 20 sí 25 lọ. Ìlú tó jìnnà ní 150, ọjọ́ márùn-ún ni fún ọmọ tó yára, ọ̀sẹ̀ kan ni fún ogun tó ń lé e.

11. Àmì ohùn àti wíwá orúkọ

Lẹ́tà ọ́ lè wà nínú fáìlì lọ́nà mẹ́ta: ọ tí a fi àmì sí lórí, ó tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, tàbí o lásán tí a fi méjèèjì sí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. Ẹ wá orúkọ ìlú kan, kọ̀ǹpútà ní ó wà níbi 40, nígbà tó wà níbi 63. Ẹ tún 40 ṣe, 23 ṣẹ́kù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá kọ apá kan lórí fóònù, apá kan lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí ẹni tó ń to ìwé yí gbogbo fáìlì sí NFC, ìyẹn ìlànà kọ̀ǹpútà tó ń sọ ọ̀nà mẹ́ta yẹn di ẹyọ kan, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kí ẹ sì lo kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo láti ìgbà náà lọ. Ẹ kọ gbogbo orúkọ ènìyàn, ìlú àti ohun ìjà sórí ìwé kan pẹ̀lú àmì tó ní nínú ìwé kìíní. Òun ni kí ẹ tẹ̀lé, kódà bí ẹ ò bá fẹ́ràn rẹ̀ mọ́.

12. Àwọn tó máa kọ́kọ́ kà á

Ẹ wá márùn-ún, kí wọ́n wà láàárín ọdún 13 sí 17. Kí mẹ́ta ti ka ìwé méjì àkọ́kọ́, kí méjì má tíì kà wọ́n. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn, wọ́n á ní ó dùn. Ẹ ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí wọ́n ti fo ọ̀rọ̀, síbi tí wọ́n ti ní láti padà sẹ́yìn, síbi tí wọ́n ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìlà tí mẹ́ta nínú wọn bá fà síbi kan náà, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Bí àwọn méjì tí kò ka ti ìṣáájú bá sọnù lẹ́yìn orí 4, ìránnilétí ò tó; bí àwọn mẹ́ta yòókù bá ń fo orí 1 sí 3, ó ti pọ̀ jù.

13. Títẹ̀

Ìwọ̀n ìwé, irú bébà àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ (ibi tó ń hàn bí ìwé bá dúró lórí pẹpẹ) gbọ́dọ̀ bá méjì àkọ́kọ́ mu, torí orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n á dúró sí. Lórí bébà ìwọ̀n A5, ẹ lo lẹ́tà póńtì 11 pẹ̀lú àyè ìlà póńtì 15. Bí àyè bá dín, àmì ìsàlẹ̀ ìlà kan á máa kan àmì orí ìlà kejì. Àwọn fọ́ńtì bíi Charis SIL, Gentium àti Noto Serif gbé àmì Yorùbá dáadáa. Bí ojú ewé kan bá gba ọ̀rọ̀ 300, ọ̀rọ̀ 80,000 á gba bí 267. Ẹ fi àyè tó ṣófo níparí orí kọ̀ọ̀kan àti àwọn ojú ewé iwájú kún un, á máa lọ sí 300. Ojú ewé 16 16 ni wọ́n sábà máa ń ká ìwé pọ̀, nítorí náà 304 ni kí ẹ fojú sùn, ìyẹn ìdì 19. Bébà 80 gíráàmù nípọn tó bíi 0.1 mílímítà, ewé 152 á sì fún yín ní ẹ̀yìn ìwé tó fẹ̀ ní bíi mílímítà 15. Ẹ bi atẹ̀wé yín kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí orúkọ ọ̀wọ́ tó yẹ kó wà lẹ́yìn ìwé máa ń yọ́ bọ́ síwájú bí ìwọ̀n yẹn bá fi mílímítà méjì yẹ̀.

Ní Nàìjíríà, National Library of Nigeria ló ń fúnni ní ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, 978-978 ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀, ẹlẹ́yìn líle àti ti orí fóònù, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa gbà. Nọ́ńbà ìwé kejì ò ṣeé lò fún ìkẹta. Bí ìwé bá ti jáde, òfin ní kí ẹ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé náà. Ẹ kó wọn sọ́tọ̀ kí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ tó dé, torí àwọn ọ̀rẹ́ á bẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ yín.